Òkè Fẹ̀ Ju Ìsàlẹ̀: Bí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Márùn-ún Ṣe Wọn Inú Ilé Humanities ní Ifẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé yíyà gbéra láti Iléṣà wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan láàárín oṣù kejì. Iṣẹ́ tí olùkọ́ wọn gbé fún wọn kò le létí: kí wọ́n wọ inú ilé Humanities ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí wọ́n wọn apá kan rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí wọ́n sì yà á sórí pépà A3 ní òṣùwọ̀n 1:100, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí pépà dúró fún mítà kan nínú ilé. Nígbà tí wọ́n padà dórí tábìlì, àwòrán àkọ́kọ́ kò bára mu rárá. Ògiri òkè bọ́ sí ibi tí kò yẹ kó wà, àtẹ̀gùn kò kan ilẹ̀ tó yẹ kó kàn, yàrá márùn-ún tó tò léra sì kúrú ju ògiri tó kó wọn sínú lọ. Ohun tó fa ìdàrúdàpọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe rí ojúútùú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe tún un wọ̀n la kọ sílẹ̀ níbí. Ẹni tó bá tún fẹ́ wọ ilé yẹn pẹ̀lú téèpù àti pẹ́ńsù lọ́wọ́ lè kọ́gbọ́n níbẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Ilé ọ̀hún

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, àmọ́ Ìbàdàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó. Ó di oṣù kìíní 1967 kí wọ́n tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 1987, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ papòdà, ni wọ́n fi orúkọ olóyè náà sọ ọ́. Arieh Sharon ló ṣáájú nínú yíya ọgbà náà. Ọmọ Ísírẹ́lì ni, wọ́n bí i ní 1900, ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus tó wà ní Dessau ní Jámánì ló ti kọ́ṣẹ́. Eldar ọmọ rẹ̀ àti Harold Rubin wà nínú iṣẹ́ náà, A. A. Egbor sì ni ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ṣe é.

Secretariat, ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi, Gbọ̀ngàn Odùduwà, gbogbo wọn ló lórúkọ, àmọ́ Humanities ni àwọn ayàwòrán ilé máa ń bèèrè bí wọ́n bá ti wọ géètì. Ilé náà dojú kodò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló tín-ín-rín jù; bí èèyàn ṣe ń gòkè ni àjà kọ̀ọ̀kan ń yọ kọjá èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kọnkéré ni látòkè délẹ̀. Àjà òkè ń ṣíji bo tìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, ó sì ń gba òjò dúró fún un. Ọ̀nà ìrìn inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, torí pé láyé tí wọ́n yà á, afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbọ́kàn lé, wọn kò gbọ́kàn lé ẹ́sì, ẹ̀rọ amúlétutù.

Ìrísí yẹn ni gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síta kò tíì rí ilé náà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ wà nínú àwọn ààyè tó ṣófo: abẹ́ dẹ́kìn (ilẹ̀ kọnkéré àjà òkè) tó yọ síta, ojú àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a lè dúró sí ká rí ìhà méjèèjì. Àwòrán kan ṣoṣo tó lè fi àwọn ààyè wọ̀nyẹn hàn ni àwòrán gígé, ìyẹn èyí tó ń fi ilé hàn bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì sí méjì. Pùláànù, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ ilé bí ẹni ń wò ó láti òkè, kò lè fi hàn, fọ́tò kò lè fi hàn. Ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ṣìnà gan-an nìyẹn: pùláànù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rò pé gígé máa tẹ̀lé e fúnra rẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀

Lẹ́tà ìyọ̀ǹda ló ṣáájú ohun gbogbo. Èèyàn lè rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kọjá kí ẹnikẹ́ni má bi í ní nǹkan kan, àmọ́ gbàrà tó bá fa téèpù yọ tàbí tó gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n á bi í. Kí lẹ́tà sọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n máa lò àti apá ibi tí wọ́n máa wọ̀n. Ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ kéèyàn mú dání: ọ̀kan fún ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí i, ọ̀kan fún ẹ̀ṣọ́, ọ̀kan tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́. Sátidé dára nítorí èrò kì í pọ̀. Bí kíláàsì bá ń lọ lọ́wọ́, téèpù tí wọ́n nà kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ á máa kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹni tó dì í mú á sì máa jù ú sílẹ̀ láti kí olùkọ́ tó ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà kò gùn.

“Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́.”

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwé yín dà?”

“Òun rèé, sà.”

Bàbá náà kà á tinú tẹ̀yìn, ó ní: “Ó dáa. Ẹ wọn ohun tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gun orí ògiri kúkúrú etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn o. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá sì bá ní títì, ẹ jẹ́ kó wà ní títì.”

Òfin méjèèjì yẹn wúlò ju bí wọ́n ṣe rò lọ. A óò dé ibẹ̀.

Irinṣẹ́ wọn: téèpù onírin mítà 5 méjì, téèpù gígùn mítà 30 kan, ẹ̀rọ léésà kékeré kan, okùn ìpẹja mítà 20, òjé ìdajì kìlò láti so mọ́ ọn, garawa kékeré kan, ṣọ́ọ̀kì, kọ́ńpáàsì, pákó ìkọ̀wé pẹ̀lú pẹ́ńsù HB. Ẹ má lo bírò. Ohun tí ẹ bá fi ṣì kọ kò ní ṣeé parẹ́. Garawa yẹn, wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Òkè bákan náà”

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Wọ́n wọn òpó, wọ́n wọn àlàfo tó wà láàárín òpó kan sí èkejì, wọ́n wọn ibi tí àtẹ̀gùn ti gbéra. Ó gún régé. Nígbà tí wọ́n gòkè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ jọ èyí tí wọ́n ti ìsàlẹ̀ bọ̀, àtẹ̀gùn wà níbi tó wà, ni ẹni tó mú pákó ìkọ̀wé bá kọ ọ́ sétí ewé pé “òkè bákan náà”, wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

Ní ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní ìgboro Iléṣà tàbí Ifẹ̀, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pààyàn. Bíríkìlà ti gbé ògiri òkè lé ògiri ìsàlẹ̀ lórí, ẹni tó bá da ìsàlẹ̀ kọ ti kọ òkè náà. Ní Humanities, òdìkejì ni. Ògiri ìta òkè kò sí lórí ògiri ìta ìsàlẹ̀. Ó ti jáde kọjá rẹ̀, èyí tó wà lókè òun náà sì tún jáde kọjá rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe gbé pùláànù kan lé èkejì lórí tábìlì, tí wọ́n fẹ́ fa ìlà gígé wálẹ̀, ilé olójú títẹ́ ni wọ́n rí, bí ilé àpótí. Ẹnì kan nínú wọn wo fọ́tò, ó wo àwòrán, ó ní ilé mìíràn ni wọ́n yà.

Ojúútùú rẹ̀ ni kéèyàn wá ohun kan tó kọjá nínú gbogbo àjà láìyẹsẹ̀, kó sì máa ti ara rẹ̀ wọn ohun gbogbo. Igun ògiri ojú àtẹ̀gùn ni wọ́n mú. Láti igun yẹn ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan gba àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fa irú rẹ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn jìnnà dọ́gba sí igun náà. Láti ibi ìlà yìí ni wọ́n ti ń wọn apá ọ̀tún àti apá òsì jáde, títí dé etí dẹ́kìn. Ẹ fi 3-4-5 yẹ igun wò kí ẹ tó gbà pé ó gún: mítà 3 lápá kan, mítà 4 lápá kejì, ìdábùú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 5. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì yàtọ̀, ìlà yín ti wọ́, kì í ṣe ilé.

Wọ́n wá fi ọ̀nà kejì yẹ ọ̀nà kìíní wò, ibẹ̀ ni garawa ti wúlò. Ẹnì kan wà lókè, ó na ọwọ́ jáde láti ẹ̀yìn ògiri kúkúrú, ó sọ okùn ìpẹja sílẹ̀ títí òjé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹnì kan wà nísàlẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe sábẹ́. Òjé ìdajì kìlò tó bá já láti òkè kì í ṣe ohun tí orí ń gbà. Afẹ́fẹ́ oṣù kejì ń gbé okùn náà lọ gbé e bọ̀, ìwọ̀n kò ṣeé kà. Wọ́n bu omi sínú garawa, wọ́n jẹ́ kí òjé rì sínú rẹ̀ láìkan ìsàlẹ̀ garawa, okùn sì dúró. Bí omi bá dé ìdajì garawa, ó tó. Láti ara okùn yẹn ni wọ́n ti wọn ọ̀kánkán dé ara ògiri ìsàlẹ̀, wọ́n sì mọ gbogbo ohun tí òkè fi jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn ọ̀kánkán láti ara okùn dé etí àjà tó wà láàárín, kí wọ́n lè mọ ìpín ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí bàbá ẹnu ọ̀nà fi kìlọ̀ nípa ògiri kúkúrú nìyẹn. Nínú ilé mìíràn, bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ara ògiri lèèyàn máa há mọ́. Níbí, kò sí ògiri lábẹ́ rẹ. Òfuurufú ni títí dé ilẹ̀. Kí ẹni tó ń sọ okùn sílẹ̀ kúnlẹ̀, kó jẹ́ kí àyà rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri kúkúrú náà, kí ọwọ́ nìkan jáde.

Sẹ̀ǹtímítà 72 tó sọnù

Àṣìṣe kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú ìrísí ilé. Ó lè bá èèyàn ní ibikíbi. Wọ́n wọn gígùn yàrá márùn-ún tó tò léra, wọ́n ro ó pọ̀. Wọ́n wọn gígùn gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èkejì fi sẹ̀ǹtímítà 72 gùn jù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò ni pé téèpù gígùn ti sọ̀ láàárín, torí pé téèpù oníke mítà 30 máa ń rọ̀, ó sì máa ń fà bí rọ́bà. Ṣùgbọ́n téèpù tó bá sọ̀ kì í jẹ ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, bí ẹni méjì bá fà á le dáadáa. Sẹ̀ǹtímítà 72 ti pọ̀ jù fún ìyẹn.

Ògiri ni wọ́n gbàgbé. Yàrá márùn-ún ní ògiri mẹ́rin láàárín wọn. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́fà jẹ́ mílímítà 150. Fi písítà mílímítà 15 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó di 180. Mẹ́rin nínú irú rẹ̀ jẹ́ 720. Sẹ̀ǹtímítà 72 náà rèé, géérégé. Ẹnu ilẹ̀kùn ni èèyàn ti lè wọn bí ògiri ṣe nípọn, kó sì yọ férémù kúrò.

Àmọ́ ọ́fíìsì kan nínú márààrún wà ní títì. Wọ́n ti fi ìwọ̀n èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dí i, wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà bí ẹni pé wọ́n wọlé wọ̀n ọ́n. Èyí burú ju sẹ̀ǹtímítà 72 lọ. Nọ́ńbà tí a rò àti nọ́ńbà tí a wọ̀n kò gbọ́dọ̀ jọra lórí ìwé. Ẹ yí òbìrìkítí ká èyí tí ẹ rò, kí ẹni tó ń yà á lẹ́yìn lè mọ̀.

Ọ̀nà tó dín àṣìṣe kù ni kí téèpù má ṣe kúrò níbi tó ti gbéra. Ẹni tó bá ń wọn láti òpó dé òpó, tó ń gbé téèpù lọ, tó sì ń fa gbogbo rẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà tó súnmọ́ jù, á máa kó ìdajì sẹ̀ǹtímítà jọ níbi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá di ibi méjìlá, ó lè di sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Ẹ so òdo mọ́ ibì kan, ẹ na téèpù gbọọrọ, kí ẹnì kan máa rìn lọ kó máa ka ohun gbogbo tó bá kọjá: 0, etí òpó kìíní, etí kejì, ẹnu ilẹ̀kùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Léésà náà fún wọn ní wàhálà tirẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lójìji, ó dára ju téèpù lọ. Bó bá ti di ìta, oòrùn á gbé àmì pupa rẹ̀ mì. Bébà funfun tí ẹnì kan bá dì mú lódìkejì ló máa jẹ́ kó hàn. Ibi tí lúfà oní-gíláàsì bá wà, ìtànṣán á gba inú rẹ̀ kọjá lọ kan ògiri ẹ̀yìn yàrá, ìwọ̀n tó máa gbé jáde á sì fi gbogbo jíjìn yàrá lé. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà bá ojú mu kí ẹ tó kọ ọ́.

Àtẹ̀gùn

Ìgbésẹ̀ kan ni wọ́n wọ̀n, wọ́n sì fi iye ìgbésẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ láti mọ bí àjà ṣe ga tó. Ká ní àtẹ̀gùn kan ní ìgbésẹ̀ 20, tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16.5: mítà 3.3 nìyẹn. Bí ẹni tó wọ̀n bá kà á sí 17, ó ti di 3.4, sẹ̀ǹtímítà 10 ti wọlé láti ibi tí kò sí. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìgbẹ̀yìn sì sábà máa ń yàtọ̀ sí ti àárín, nítorí térásò tàbí símẹ́ńtì tí wọ́n fi parí ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti da kọnkéré. Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n sọ téèpù onírin sílẹ̀ gba ojú àtẹ̀gùn, láti ilẹ̀ òkè dé ilẹ̀ ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi iye ìgbésẹ̀ pín in. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn sì bá ilẹ̀ rẹ̀ pàdé.

Fọ́tò tó purọ́

Wọ́n ya fọ́tò láti ẹsẹ̀ ilé, wọ́n gbé fóònù sókè kó lè kó gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi fọ́tò náà yẹ àwòrán wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹ kéèyàn farabalẹ̀ gbọ́. Bí a bá gbé ojú kámẹ́rà sókè, ìlà tó dúró ṣánṣán á máa súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń gòkè. Gbogbo ẹni tó bá ti ya ilé gíga rí mọ̀ ọ́n. Ilé yìí, òkè rẹ̀ ló ń fẹ̀. Irọ́ kámẹ́rà ń fún òkè pọ̀, òótọ́ ilé ń fẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Nínú fọ́tò náà, bí a bá wo orí ilé láti ìpẹ̀kun rẹ̀, àjà òkè kò fi nǹkan púpọ̀ yọ ju tìsàlẹ̀ lọ. Àwòrán “òkè bákan náà” sì wá jọ òótọ́ lójú ẹni tó fi fọ́tò yẹn wò ó.

Kí fóònù dúró ṣánṣán, kí ẹ jìnnà, kí ẹ sì gòkè bó bá ṣeé ṣe: ẹni tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bílọ́ọ̀kù tó kọjú sí i, ní àjà àárín, á ya fọ́tò tí ìlà rẹ̀ kò wọ́. Ẹ tan àwọn ìlà atọ́nà tó wà lójú kámẹ́rà. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìṣòro mìíràn ni ìmọ́lẹ̀: ìta mọ́lẹ̀ yòò, abẹ́ dẹ́kìn ṣókùnkùn. Ẹ fọwọ́ kan ibi tó mọ́lẹ̀ lójú fóònù kó fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, kí ẹ tún ya èkejì tí ẹ fọwọ́ kan ibi òkùnkùn. Ọ̀kan kò lè kó méjèèjì. Ọyẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kórìíra wúlò níbí, torí pé eruku rẹ̀ máa ń rọ ìmọ́lẹ̀ lójú.

Òjìji gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Lójú tiwa, ibi tí iṣẹ́ wọn ti dára jù lọ nìyí. Dípò kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé “dẹ́kìn ń ṣíji bo ògiri”, wọ́n lo òjìji láti wọn dẹ́kìn.

Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bíi dígírì 7.5 ní àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Láàárín oṣù kejì, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà lápá gúúsù, ó sì máa ń ga tó nǹkan bíi dígírì 69.5. Ọ̀sán gangan yẹn kì í ṣe aago méjìlá. Aago wa ń tẹ̀lé ìlà ìlà-oòrùn dígírì 15, Ifẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 4.5, ìyàtọ̀ yẹn nìkan fi bí ìṣẹ́jú 42 fa oòrùn sẹ́yìn, oṣù kejì sì tún fi bíi 14 lé e. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn máa dé àárín ọ̀run. Ẹni tó bá lọ wọn òjìji ní aago méjìlá ti yá jù.

Ní dígírì yẹn, òjìji máa ń sọ̀kalẹ̀ lára ògiri tó kọjú sí gúúsù ní ìlọ́po 2.67 ohun tí dẹ́kìn fi yọ. Bí dẹ́kìn bá yọ mítà kan, òjìji á sọ̀ kalẹ̀ mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà 67. Wọ́n wọn òjìji, wọ́n fi 2.67 pín in, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí okùn àti garawa sọ. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ìyẹn dára, torí pé etí òjìji fúnra rẹ̀ kì í mú. Bó bá ti rìn tó mítà mẹ́ta, á ti rọ́ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lára ògiri, ìyẹn mẹ́ta bí a bá fi 2.67 pín in, bí ọyẹ́ bá sì wà, á tún rọ́ sí i. Bí ògiri kò bá kọjú sí gúúsù gan-an, tó yà tó dígírì 15, àṣìṣe kò ju bíi 3 tàbí 4 nínú 100 lọ. Kọ́ńpáàsì ló máa sọ fún yín, àmọ́ ẹ gbé e jìnnà sí ara òpó. Irin inú kọnkéré ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà ìṣirò kan náà ló máa sọ ìgbà tí dẹ́kìn wúlò àti ìgbà tí kò wúlò. Ní ìparí ọdún, ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, oòrùn ọ̀sán wà ní nǹkan bíi dígírì 59, òjìji sì jẹ́ ìlọ́po 1.67: dẹ́kìn tó yọ mítà kan ààbọ̀ á bo mítà méjì ààbọ̀ lójú gúúsù. Ní oṣù kẹfà, oòrùn á ti kọjá sí àríwá ní dígírì 74, ojú àríwá ni yóò sì nílò ìbòji, ìlọ́po 3.5 ni. Nǹkan bí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin àti ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, oòrùn á wà lókè orí gan-an, kò sì sí ojú kankan tó máa gbà á. Ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò bẹ̀rù dẹ́kìn. Bí oòrùn bá wà ní dígírì 30 ní ìwọ̀-oòrùn, mítà kan ààbọ̀ kò lè bo ju sẹ̀ǹtímítà 87 lọ lára ògiri tó kọjú sí i. Nítorí ìyẹn, ilé tó bá gbẹ́kẹ̀ lé dẹ́kìn gbọ́dọ̀ kọjú ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ sí àríwá àti gúúsù.

Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òjò ń dé kó wá lẹ́yìn oṣù kẹta. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré bí ẹ̀kán òjò ṣe ń já bọ́, òjò á wọlé ní dígírì 45, dẹ́kìn tó yọ mítà kan ààbọ̀ á sì gba mítà kan ààbọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òjò. Ohun tó kù nísàlẹ̀ á rin.

Kí ló gbé e dúró?

Wọ́n bi ara wọn léèrè, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, pé kí ni kò jẹ́ kí dẹ́kìn tí kò lópó létí wó. Àwòrán gígé ló dáhùn: ó yọ sọ́tùn-ún, ó yọ sósì, àwọn méjèèjì ń fà síra wọn lórí òpó àárín. Irin inú rẹ̀ kò sì dà bíi ti dẹ́kìn ilé wa. Dẹ́kìn tó fi orí méjèèjì lé ògiri máa ń fẹ́ ya nísàlẹ̀ láàárín, ìsàlẹ̀ ni irin rẹ̀ ń wà. Èyí tó yọ síta, òkè ló máa ń fẹ́ ya, níbi tó ti kúrò lára òpó. Nítorí náà òkè ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ báńkónì ní ìgboro ti ń bàjẹ́ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ o. Àwọn òṣìṣẹ́ á gbé irin sókè bó ṣe yẹ, nígbà tí wọ́n bá ń da kọnkéré wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú dẹ́kìn sẹ̀ǹtímítà 15, bí irin tó yẹ kó jìnnà sí ìsàlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 bá sọ̀ di 7, agbára rẹ̀ ti dín kù tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún, ojú kò sì lè rí i mọ́ lẹ́yìn písítà. Ẹni tó bá rí Humanities tó sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sílé, kó pe ẹnjiníà, kó má pe bíríkìlà nìkan.

Bó ṣe parí

Ìwé tí wọ́n padà fà kalẹ̀ jẹ́ A3 mẹ́ta: pùláànù ìsàlẹ̀, pùláànù àjà kan lókè, àti gígé kan tó gba ojú àtẹ̀gùn kọjá. Gígé ni wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n wá ti inú rẹ̀ fa pùláànù jáde. Ìlà etí àjà òkè hàn lórí pùláànù ìsàlẹ̀ ní ìlà gé-gé-gé, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀ pé nǹkan wà lókè orí rẹ̀. Lórí pépà 1:100, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tí òjìji àti okùn fi yàtọ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílímítà kan, ó kéré ju ojú pẹ́ńsù lọ. Wọ́n fi ti okùn sílẹ̀, wọ́n kọ ti òjìji sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ́fíìsì tó wà ní títì ní òbìrìkítí yí ìwọ̀n rẹ̀ ká. Àjà òkè pátápátá kò sí nínú lẹ́tà ìyọ̀ǹda wọn, wọn kò sì yà á. Etí rẹ̀ tí okùn wọ̀n láti ìta nìkan ló wà lórí gígé, inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n kọ “a kò wọ̀n” síbẹ̀, lẹ́tà tuntun sì ti wà ní ọ́fíìsì.